Fásitì wà nílẹ̀ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n èwo ni tìjọba nínú wọn?

Ẹni tó bá gba Àjàṣẹ́-Ìpó wọ Òmù-Àrán lónìí yóò mọ̀ pé ìlú onífásitì ni òun dé. Láti ọdún 2011 ni Landmark University ti wà níbẹ̀, fásitì aládàáni tí ìjọ Living Faith gbé kalẹ̀ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òpómúléró níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2021, àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn fásitì ilẹ̀ yìí tún fún Thomas Adewumi University níwèé àṣẹ ní ìlú Òkò, níjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn kan náà. Bí èèyàn bá fi ẹnu kà wọ́n, yóò ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò tòṣì ní fásitì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí kíkà lásán kò lè dáhùn. Nínú gbogbo fásitì tó wà níjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, Ifẹ́lódùn àti Ìsin, tí í ṣe ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Kwara, èwo ni tìjọba? Kò sí ọ̀kankan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fásitì ìjọba àti ti aládàáni kò mọ sórí orúkọ tí wọ́n kọ sára géètì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bola Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun ló sì gbé àjọ NELFUND ró. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé nínú. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún lè gba owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni àǹfààní náà kàn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ TETFund, àjọ tí òfin ọdún 2011 fún lágbára láti máa ná owó orí tí wọ́n ń yọ nínú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ sórí ẹ̀kọ́ gíga. Owó yìí ni wọ́n fi ń kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ àti yàrá àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń rán olùkọ́ lọ gba oyè kún oyè. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ará Òmù-Àrán tó yege ìdánwò JAMB, tí òbí rẹ̀ kò sì lágbára owó fásitì tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, àfi kó kọrí sí Ìlọrin, Màlété tàbí ìpínlẹ̀ mìíràn kó tó lè tọrọ ẹ̀yáwó. Omi wà nínú àmù, ilé ẹlòmíràn ni ahá tí wọn yóò fi bù ú wà.

Kì í ṣe pé àwọn Ìgbómìnà kò tètè mọ iyì ìwé. Láti ọdún 1941 ni ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ti wà ní Ìgbájà, èyí tó di ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run nígbẹ̀yìn. Ní Òró, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ síbẹ̀. Ohun tó gbé fásitì ìjọba jìnnà sí wọn kò ṣẹ̀yìn ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà a máa sọ pé ogbó tí Ọ̀ràngún gbà lọ́wọ́ Odùduwà ló mọ ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, ìlà orí máàpù ló bẹ̀rẹ̀ sí í lànà dípò ogbó. Wọ́n pa Ìlá àti Òkè-Ìlá mọ́ Gúúsù, wọ́n sì kó Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Àjàṣẹ́-Ìpó àti àwọn tó kù sábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá. Bí wọ́n ṣe dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, tí wọ́n sì dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ìlà náà kò parẹ́. Ọmọ ìyá kan náà di ọmọ ìpínlẹ̀ méjì.

Ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yìí ti rí fásitì ìjọba. Ní ọdún 2021, lásìkò Ààrẹ Muhammadu Buhari, ìjọba àpapọ̀ kéde fásitì tuntun mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni Fásitì Ẹ̀kọ́ Ìlera ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. TETFund ni wọ́n ní kó pèsè owó tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bílíọ̀nù 18 náírà lápapọ̀. Ohun tí orúkọ TETFund ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Inú àpò tí fásitì aládàáni kò lè tọwọ́ bọ̀ ni owó ti jáde, ìlú Ìgbómìnà kan ló sì bọ́ sí. Àwọn ará Òmù-Àrán lè bá Ìlá yọ̀, nítorí ayọ̀ ẹbí ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wọn bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, ọmọ Kwara ni ìwé ìjọba yóò pè é, torí ìlànà ìgbaniwọlé àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀ ń wo ìpínlẹ̀ ẹni. Ìdá 45 nínú 100 ààyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín, wọ́n ya 35 sọ́tọ̀ fún àdúgbò tí fásitì wà, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì rẹlẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ti Kwara, Ìlọrin ni fásitì ìjọba ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n dá Fásitì Ìlọrin sílẹ̀ lábẹ́ ti Ìbàdàn, 200 akẹ́kọ̀ọ́ ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Nígbà tí ìpínlẹ̀ fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lásìkò Gómìnà Bukola Saraki, Màlété, ìlú kékeré kan níjọba ìbílẹ̀ Mọ́rò, ni wọ́n gbé e lọ. Ìparí ọdún 2008 ni òfin rẹ̀ jáde, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ètò ìbẹ̀rẹ̀ ni pé fásitì náà, KWASU, yóò ní ẹ̀ka ní Òsí níjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, yóò sì ní òmíràn ní Ìléṣà-Bàrùbá. Òsí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n ìlú Ìgbómìnà kọ́.

Màlété ni ìwé tó yẹ kí ẹni tó bá ń tọrọ fásitì kà dáadáa, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ ọpọlọ tó jinlẹ̀ lè wáyé láàárín oko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin tó ti ń ṣe olùkọ́ ní Western Illinois University l'Amẹ́ríkà, ni gíwá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́wàá ló sì lò. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa bàálù òfuurufú kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Irele, ẹni tí gbogbo àgbáyé mọ̀ nídìí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Áfíríkà, tó sì ti kọ́ni ní Harvard, ṣiṣẹ́ ní Màlété kó tó dolóògbé ní 2017. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammed Mustapha Akanbi, onímọ̀ òfin, ló gba ipò lẹ́yìn Na'Allah. Nígbà tí ikú mú un lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Shaykh-Luqman Jimoh ló bọ́ sórí àga.

Àmọ́ fásitì kì í dá wọ̀lú, ó máa ń kó ìnáwó àti ìnira tirẹ̀ dání. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ní Màlété kò rí ààyè nínú ọgbà. Àwọn mìíràn gba yàrá láàárín ìlú, àwọn mìíràn sì ń gbé Ìlọrin, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ṣáò. Onílé ń gbowó, olóúnjẹ ń tà, ọlọ́kadà ń rí èrò gbé. Ṣùgbọ́n owó yàrá ń wọ́n sí i fún ọmọ onílùú tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà, èrò ń pọ̀ ju omi ẹ̀rọ lọ, ọ̀nà sì di ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́.

Ti Landmark yàtọ̀ sí èyí. Inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tó ń jẹun, tó sì ń sùn. Òbí tó rán ọmọ lọ síbẹ̀ fẹ́ràn ìlànà yìí nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀, ìlú sì ń rí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àti ọjà díẹ̀ tà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó kọ́ ilé sí Òmù-Àrán pẹ̀lú ìrètí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà á kò lè rí ohun tí onílé Màlété rí. Nínú ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọrọ̀ ajé ìlú wà. Odi ọgbà ló sì ń pinnu ibi tí ọrọ̀ náà yóò dúró.

Eré ìdárayá náà wà nínú ìṣirò yìí. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti dá àjọ NUGA sílẹ̀ fún ìdíje àwọn fásitì, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1966. Nígbà tí Fásitì Èkó gbàlejò rẹ̀ ní 2022, pápá àti ilé ìgbé tí wọ́n tún ṣe kò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò lọ. Láti 2018 ni ìdíje bọ́ọ̀lù HiFL pẹ̀lú ti ń gbé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fásitì sójú ayé. Ọ̀dọ́ tó ń sáré lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Èsìẹ́ tàbí Ìsánlú-Ìsin nílò olùkọ́ eré tó mọṣẹ́ àti pápá tó dọ́gba. Fásitì ìjọba tó bá ṣí pápá rẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè lè fún un ní méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ tún kọjá ti eré. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn àwọn ère òkúta tó wà nínú igbó ibẹ̀ fún aráyé. Ní 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀m̀báyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Phillips Stevens, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí àwọn ère náà ní 1978. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aribidesi Usman, tó ń kọ́ni ní Arizona, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 2012 lórí ìtàn àti àwókù ìlú ilẹ̀ Ìgbómìnà. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn méjèèjì ṣe. Ó wá yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí, níbi tí ọmọ Èsìẹ́ yóò ti kọ́ bí a ṣe ń hú ilẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú ère, kí ìmọ̀ ilé má máa ti òkè òkun padà wálé nígbà gbogbo.

Àwọn kan yóò ní fásitì ti pọ̀ jù, wọn kò sì parọ́ pátápátá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá dídá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àpapọ̀ tuntun dúró fún ọdún méje. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ṣàlàyé pé fásitì 199 ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípasẹ̀ JAMB kò tó 100. Àwọn mìíràn yóò rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, wọn yóò sì béèrè ohun tó dára nínú fásitì tí géètì rẹ̀ lè wà ní títì bẹ́ẹ̀. Èsì sí èyí ni pé òbí tó lówó lọ́wọ́ ló lè sá fún ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí kò ní, inú ilé ni ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sí, yálà ASUU yanṣẹ́ lódì tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà Àbújá ti dí fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí, Òró ló sì súnmọ́ jù. Ọ̀ṣun sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó wà ní Iléṣà di fásitì lábẹ́ òfin ọdún 2022, Èkó náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti Adéníran Ògúnsànyà ní ọdún kan náà. Kwara lè tẹ̀lé ipa yìí, tàbí kó gbé ẹ̀ka KWASU kan wá sí Òró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà lásán, tí olùkọ́, ìwé àti yàrá àyẹ̀wò kò pọ̀ sí i, orúkọ ni wọ́n rà, ẹ̀kọ́ kọ́.

Àsìkò ìpolongo ìbò ni irú ìlérí yìí máa ń pọ̀ jù lọ. Kí àwọn ọba, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àti àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà lẹ́yìn odi tó pa àtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí wọ́n béèrè fún ìwé àdéhùn tó sọ iye owó tó wà nínú ìṣúná fún un, ìlú tí yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tí ìlú náà yóò gbà, ẹni tí yóò tún ọ̀nà ṣe, ẹni tí yóò pèsè omi, àti iye ilé ìgbé tí yóò dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó dé. Màlété ti fi hàn pé gbogbo èyí ni ìlú máa ń sanwó rẹ̀ nígbẹ̀yìn, bí wọn kò bá bá ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.