Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Àwọn baba wa ni wọ́n pa òwe yìí, ọjà gan-an ni wọ́n sì fi pa á. Nítorí náà ni a ṣe mú un lọ sí Jankara, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti wò ó bóyá ó ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: àgbà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n orí ọmọ ń wọ́.

Ní àkókò ìbò kan tí ó ti kọjá, àwa tí a ń kọ̀wé yìí pín ẹ̀wù fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà. Wọ́n bá wa lẹ àwòrán mọ́ ògiri, wọ́n bá wa kọrin, wọ́n sì bá wa sáré títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ìbò parí, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, a ń kọjá lẹ́bàá àwọn tí ń ta ewé àti egbò ní Jankara, ni ọmọkùnrin kan tí ó ru ẹrù oníbàárà bá kí wa. Ẹ̀wù wa ni ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò rántí mi ni?” A kò rántí rẹ̀. Ojú tì wá, nítorí a kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ti í tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tàbí iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ pé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀gá ń kọ́ ọmọ. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọn yóò jọ lò. Ọ̀gá yóò mọ ìgbà tí ara ọmọ kò yá, yóò mọ irú ẹni tí ó ń bá rìn, ọjọ́ tí ọmọ bá sì gba fìrídọ̀mù, ọ̀gá ni yóò gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó rí: ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbo ilé ti fọ́nká. Ètò tí ìjọba fi wó ilé ní àárín Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 lábẹ́ ìgbìmọ̀ LEDB, kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, fi hàn nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1961 pé ìṣípòpadà yìí ya ìbátan kúrò lọ́dọ̀ ìbátan, ó sì mú kí àwọn oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà wọn. Báyìí ni igba ojú tí ń wo ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ òbí ní Èkó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ta ni ó kù tí yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀? Ẹni tí ó ní ẹ̀wù ìbò láti pín ni, tàbí ẹni tí ó ní igbó láti tà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ kòkó. Ẹ kì í gbìn ín sí oòrùn gbangba kí ẹ sì padà sílé. Ẹ ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè ṣíji bò ó, títí igi náà yóò fi lè dá oòrùn gbà. Ẹni tí ó bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kúrò láìtó àkókò, òun ni ó pa kòkó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ ènìyàn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí à ń pè ní Big Brothers Big Sisters, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá láti New York ní ọdún 1904. Àgbà kan yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó, yóò sì máa bá ọmọ kan ṣoṣo rìn. Ní ọdún 1995 ni a gbé ìwádìí jáde lórí 959 ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 10 sí 16. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn olóró láàrin àwọn tí a fún ní alábàárìn fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí a kò fún. Nígbà tí a tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2002, a rí i pé ọmọ tí àgbà bá rìn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó jèrè jù. Ọmọ tí àgbà fi sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, iyì tí ó ní lójú ara rẹ̀ tún dín kù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kò pọn dandan kí a kọjá òkun kí a tó rí àpẹẹrẹ. Túndé Ọnàkọ̀yà, tí ó kọ́ ayò chess ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú nígbà èwe rẹ̀, dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018. Májídun ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní ayò náà, ó dé Mákòkó, ó sì dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ó ta ayò náà fún wákàtí 60 ní New York kí a lè rí owó fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ayé pàtẹ́wọ́ fún wákàtí 60 náà. Ohun tí àwa fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni àwọn ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, a gbé ìmọ̀ràn yìí kalẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti Jankara. Kí àwọn àgbà oníwà rere ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀: àgbà kan fún ọmọ kan, wákàtí kan lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún kan. Kí òbí ọmọ mọ̀ sí i, kí ìpàdé wọn wà ní gbangba, kí ẹ̀ka sì máa bèèrè bí nǹkan ti ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bèèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, tàbí kí ó rán an ní iṣẹ́ ìbò. Ẹni tí kò bá lè dúró fún ọdún kan, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Èrè wo ni ẹgbẹ́ yóò rí jẹ níbẹ̀?” A bi wọ́n padà pé: òmìnira tí a gbà ní ọdún 1960, ọmọ ta ni a gbà á fún, bí kì í bá ṣe ọmọ tí ń ru ẹrù ní Jankara? Àwọn mìíràn yóò wí pé ìyà ń jẹ àgbà pàápàá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wákàtí kan ni a ń tọrọ, a kò tọrọ owó; ọmọ tí a kò sì kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àwa fúnra wa ti padà sí Jankara láti wá ọmọkùnrin tí ó wọ ẹ̀wù wa. A ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí, a kò sì ní tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, nítorí kì í ṣe ọjà ìbò. Ọjọ́ Sátidé ni a fi àdéhùn sí. Kí ẹ̀yin náà lọ wá tiyín.