Àgbàrá Kossodo àti Àwọn Tí Ń Wí Pé Owó Kò Sí

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń fọ àgbàlá àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kossodo, ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Ìbáà ṣe òjé, ìbáà ṣe kíróómù tí wọ́n fi ń ṣe awọ, ohun tí ó bá bá níbẹ̀ ni ó ń gbé lọ sí ọ̀nà odò Massili. Ibẹ̀ kan náà ni àwọn ọlọ́gbà ti ń bu omi rin ẹ̀fọ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ.

Àwọn kan ń wí pé owó àtiṣe àtúnṣe kò sí. Irọ́ ni! Omi àkọ́rọ̀ òjò ni ó dọ̀tí jù. Bí kòtò gbígbòòrò bá gba ìyẹn dúró, ẹrẹ̀ yóò rò sísàlẹ̀. Èédú àti yangí pupa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ a sì máa di òjé mú. Ṣé yangí ni ó wọ́n ní Ouagadougou ni? Òtítọ́ ni pé wọn yóò máa kó ẹrẹ̀ náà síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, wọn yóò sì máa pààrọ̀ èédú. Iṣẹ́ alágbàṣe ni ìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Òjò ọjọ́ kìíní oṣù September 2009, tí ó lé ní 260 mílímítà, kò dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀ kankan. Ẹni tí ń jẹ èrè ilé-iṣẹ́ ni kí ó gbẹ́ kòtò rẹ̀. Kí ìjọba sì fi òfin mú un. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ olójèé, ọmọ tálákà ni yóò jẹ ẹ́.