Ṣé ẹ fẹ́ fi lésà ṣe ojú? Ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Ìyá kan láti Oǹdó béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ òun, ọmọ ọdún 16, kò fẹ́ lo awò ojú mọ́, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí àwọn lọ fi lésà ṣe é. Èsì mi ni pé kí wọ́n ní sùúrù. Ojú ọmọ náà ṣì ń dàgbà. Awò tó bá a mu lọ́dún yìí lè má bá a mu lẹ́ẹ̀mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ojú kì í fi í sábà ṣe é fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tí wọ́n sì máa ń fẹ́ kí nọ́ńbà awò ẹni náà dúró sójú kan fún ọdún kan ó kéré tán.

LASIK ni wọ́n ń pe lésà yìí. Wọn á kán oògùn tí kò ní í jẹ́ kó dùn èèyàn sójú, wọn á ṣí awọ tínńrín kan níwájú ẹyinjú bí ìdérí, wọn á fi lésà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọn á sì dá awọ náà padà. Kì í pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é dá padà, nítorí náà àyẹ̀wò tó ṣáájú ni kí ẹ mójú tó jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn bí iwájú ẹyinjú ṣe nípọn tó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣáà sanwó láì wọn nǹkan kan, ẹ gba ilé yín lọ. Aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ dúró ná. Ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́, kó sọ fún dókítà, torí ó lè pọ̀ sí i lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn máa ń rí òbírí yí iná mọ́tò ká lálẹ́; awakọ̀ òru, ẹ rò ó dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40, bí LASIK bá tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà jíjìn, ẹ ṣì lè nílò awò láti ka Bíbélì tàbí Kùránì. Ọjọ́ orí ló fa ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan ní Àkúrẹ́ ló ká mi lára jù. Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ nítorí lésà, bẹ́ẹ̀ kàtáráàtì ló wà lójú wọn. LASIK kì í wo kàtáráàtì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ lẹ́ǹsì inú ojú tó ti di funfun, tí wọ́n á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Gúlọ́kómà ní lésà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní SLT, tó ń dín agbára omi inú ojú kù. Ìwádìí kan láti Tansáníà, tó jáde lọ́dún 2021, fi í wé oògùn kíkán timolol. Lẹ́yìn ọdún kan, lésà ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ojú 61 nínú 100, timolol fún 31. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń ra oògùn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n kò lè dá ìríran tó ti lọ padà, agbára rẹ̀ sì lè tán kí wọ́n tún un ṣe. Bí ẹ bá ní gúlọ́kómà, kí àwọn ọmọ àti àbúrò yín náà lọ ṣàyẹ̀wò.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti UNIMED wà ní Oǹdó. Ẹ lọ síbẹ̀, kí wọ́n sọ orúkọ àìsàn ojú náà fún yín kí ẹ tó wá ẹni tó máa ra ilẹ̀.