Oko Baba Ẹlòmíràn

Láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń da dáìsì, tí oníkálùkù sì ń sọ ohun tí akọni tirẹ̀ ṣe nínú ayé àfinúrò. Àwọn ọ̀jẹ̀ kan nínú eré yìí a máa wí pé ayé iwin elf, aràrá àti dírágónì ni ó yẹ eré, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Ayé àjèjì, wọ́n ní, ẹrù ni fún òṣèré.

N kò gbà. Gbogbo ènìyàn wo? Ẹni tí ó fi Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 kọ́ ìwé kíkà ti mọ Àgbákò kí ó tó gbọ́ orúkọ elf rárá. Ohun tí a ń pè ní mímọ̀ kò ju àsọtúnsọ lọ.

Lóòótọ́, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí a bá di ìwé ńlá lé òṣèré lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò sá. Ẹ̀bi onílé nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ilé. Ẹ wo Dark Sun tí ilé-iṣẹ́ TSR tẹ̀ jáde ní ọdún 1991: aṣálẹ̀ ni ayé náà, irin ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, bí onídán bá sì pidán láìbìkítà, ewéko àyíká rẹ̀ a di eérú. Èwo ni ó ṣòro nínú èyí? Òùngbẹ kò fẹ́ àlàyé. Ọjọ́ tí omi bá tán nínú kèrègbè akọni ni òṣèré di ọmọ onílẹ̀.

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀yin olùdarí eré, ẹ mú wọn dé ibẹ̀.