Ibi tí ọmọ ń gbé, àbí ibi tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí?

Tó bá ti di àsìkò tí àwọn yunifásítì ń gba ọmọ wọlé, fóònù àwọn olórí ẹgbẹ́ wa nílùú Benin kì í sinmi mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ nílé tó lè bá wa gba sátífíkéètì lókà gọ́fúmẹ́ǹtì?" Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa, télọ̀ tó ti ń ránṣọ ní Uselu láti ọdún méjìlélógún, kó ọmọbìnrin rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nítorí ìwé yìí. Ọmọ náà ò débẹ̀ rí ju ìgbà tí wọ́n sin bàbá àgbà lọ. Wọ́n bi í ní ọ́fíìsì pé ta ni báálẹ̀ àdúgbò wọn. Kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kó sọ Yorùbá, ó sọ ọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín pé bí ará Benin ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n padà fún un ní ìwé náà o, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ yìí bi bàbá rẹ̀ pé: "Dádì, ibo gan-an ni wọ́n ti mọ̀ mí?"

Bàbá ò rí èsì fún un. Ọmọ tó ń fi "Kóyo" kí aládùúgbò láàárọ̀, tó ń fi "Ẹ káàárọ̀ mà" kí ìyá rẹ̀!

Ìbéèrè yẹn ló mú kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn, pàápàá l'Amẹ́ríkà, torí kò wọ́pọ̀ kí èèyàn rí ilé Yorùbá kan nílùú yìí tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀. Tí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ ilé ìwé, kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè àti oúnjẹ ọ̀sán la máa ń bi wọ́n. Èyí tó kàn wá jù, a kì í bi wọ́n: kí ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ìwé kan?

Àdírẹ́sì ni. Wọ́n ti pín ilẹ̀ wọn sí àgbègbè ilé ìwé. Ẹni tó bá ti mú ìwé iná tàbí ìwé ilé tó háyà wá, ọmọ rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ìlú wo ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ní 1975, ìpínlẹ̀ Texas ṣe òfin tó fàyè sílẹ̀ fún ilé ìwé láti lé àwọn ọmọ tí òbí wọn wọ̀lú láìní ìwé, tàbí kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1982, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀: ọmọ kì í ṣe ẹni tó mú ara rẹ̀ dé ibi tó wà, ẹ má fi ẹ̀kọ́ dù ú. Àwọn yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá.

Tó bá kan yunifásítì ìpínlẹ̀, owó tí ará ìpínlẹ̀ ń san kéré gan-an sí ti ẹni tó ti ìta wá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń pè ní ará ìpínlẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó ti gbébẹ̀ fún ọdún kan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, iye ọdún tí ọmọ ti gbé níbẹ̀, ọdún mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú irú ìwé ìgbélùú tó ní, ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá owó ọmọ ilé ni yóò san tàbí ti àlejò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. "Gbogbo ọmọ" ló wí, kò sọ ọmọ onílẹ̀. Nítorí náà, tí ọmọ wa bá ń lọ sí ilé ìwé ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọmọ Benin ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá jókòó ṣe ìdánwò ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, ó ti di ọmọ Ọ̀ṣun tàbí ọmọ Èkìtì. Máàkì ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa lò. Ẹ ó rántí ariwo tó sọ ní 2013 nígbà tí máàkì wọ̀nyẹn bọ́ síta: ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba 139, ọmọ Èkó 133, ọmọkùnrin Zamfara 4, ọmọbìnrin ibẹ̀ 2. Àwọn tó pariwo ń bínú sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín máàkì náà. Tiwa tún yàtọ̀: ọmọ méjì tó jọ jókòó sórí àga kan náà ní Ugbowo, tíṣà kan náà ló kọ́ wọn, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n.

Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, máàkì nìkan ló ń gbé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé. Ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní sàkáání yunifásítì náà, ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Tí ìpínlẹ̀ bàbá ọmọ ò bá sí nínú sàkáání yẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì ni ilé wọn wà, kò kan ẹnì kankan. Ti básárì ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ibo ni gbogbo èyí ti wá? Inú ìwé òfin 1999 ni. Abala 318 sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ kan ni ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Abala 42 sì sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá yà á sọ́tọ̀. Abala 15 tún ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ onílùú níbikíbi tó bá ń gbé. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ṣùgbọ́n Orí Kejì ìwé òfin ni abala 15 wà, abala 6 sì ti sọ pé a ò lè torí ohun tó wà ní orí yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́.

A ò sọ pé àwọn tó ṣe ètò yìí ò nírònú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí wọ́n bá fi máàkì nìkan ṣe é, àwọn kan á kó gbogbo àyè tán, àwọn kan á sì wà lẹ́yìn títí ayé. Ẹ̀rù náà tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ka orí. Tí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ láti ran ọmọ tí ilé ìwé àdúgbò rẹ̀ ò dáa lọ́wọ́, ibi tó ti kàwé ló yẹ kí wọ́n wò. Ọmọ Zamfara tí wọ́n bí sí Ìkẹjà, tó lọ ilé ìwé olówó ńlá níbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ wo ló ń fi máàkì 4 wá?

Amẹ́ríkà náà ní àlébù tiẹ̀, kí ẹnì kankan má tàn wá. Owó orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ apá tó pọ̀ nínú bùkátà ilé ìwé, nítorí náà àdúgbò olówó, ilé ìwé tó dáa. Àdúgbò tálákà, ẹ kú ìfaradà. Àwọn òbí kan ní San Antonio gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní 1973 pẹ̀lú ìbò márùn-ún sí mẹ́rin. Ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 2011, wọ́n ti ìyá kan mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án torí pé àdírẹ́sì bàbá rẹ̀ ló fi gba ilé ìwé tó sàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. A ka ìyẹn, a wo ara wa lójú. Àwọn tiwọn ń purọ́ àdírẹ́sì, àwọn tiwa ń lọ ra sátífíkéètì ìlú tí wọn ò mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá rówó lè kó kúrò ní àdúgbò kan lọ sí òmíràn. Ta ló lè kó kúrò lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀?

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ṣì rántí ìgbà tí kò rí báyìí. Ní oṣù kìíní 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Benin wà nínú rẹ̀. Anthony Enahoro, ọmọ Uromi, jẹ́ mínísítà n'Íbàdàn nígbà náà. Ètò kan náà ló wà fún ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Benin títí wọ́n fi ya Midwest sọ́tọ̀ ní 1963. Nígbà tó di 1982, Nàìjíríà gba 6-3-3-4, tó jọ ti Amẹ́ríkà, a sì pa ti Gẹ̀ẹ́sì tì. A kọ́ iye ọdún lọ́dọ̀ wọn, a fi àdírẹ́sì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù rèé: àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá náà ń ṣe é. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó ń gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ àti ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ àlejò wà lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ Ẹdó tí wọ́n bí s'Íbàdàn, tí Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọmọ télọ̀ yìí lọ, òun náà ń wọ mọ́tò wá sí Benin torí sátífíkéètì. Bóyá àwọn méjèèjì tiẹ̀ pàdé l'Ọ̀rẹ̀.

Torí náà, tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹdó, kò ní dáa ká dá nìkan kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ẹdó tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn, kí àwọn náà kọ tiwọn sí ilé aṣòfin ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí a ó bèèrè ò pọ̀: ọmọ tó bá ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì tán ní ìpínlẹ̀ kan, kí wọ́n kà á mọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà fún owó ilé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ àti básárì. Ìwé òfin ò ní kí ìpínlẹ̀ kankan gba owó tó yàtọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ṣe é, àwọn fúnra wọn lè tú u. Ti máàkì àti JAMB, Abuja ni, yóò pẹ́ díẹ̀.

Ọmọ télọ̀ yẹn ṣì ń retí àbájáde tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi sátífíkéètì náà sínú ráńbà, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.