Gọ́tà Tí Kò Lọ Sí Ibì Kankan

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń yá yàrá gbé ní Muṣin, Yàbá àti Sùúrùlérè ní ìbéèrè kan: bí onílé kò bá gbé inú ilé náà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti iṣẹ́ alẹ́ dé, tó bá bẹ́ẹ̀dì àti ìwé ọmọ nínú omi. Òjò bíi ti ọjọ́ Àìkú, 10 July 2011, tí ẹ̀mí bá lọ ní Èkó, gọ́tà ilé kan kò lè dá a dúró. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gbẹ́ kánààlì tó ń gbé omi lọ sí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ yàrá wa lọ́dọọdún, òjò wákàtí kan péré ni, omi orí páànù tí kò rí ọ̀nà lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bíríkìlà a to búlọ́ọ̀kù yí ilé ká, a fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ a sì tẹ́jú bíi tábìlì. Omi kì í rìn lórí tábìlì. Gọ́tà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀: ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí ó fi íǹṣì kan rẹlẹ̀ sí i. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí a bu omi sí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí bíríkìlà yín kò bá mú un wá, ẹ bi í léèrè. Síláàbù tí wọ́n fi bò ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí, kí a lè kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Èyí tó parí sí ẹ̀yìn ògiri aládùúgbò, ìyẹn kì í ṣe gọ́tà, ìjà ni. Inú gọ́tà àdúgbò ló gbọ́dọ̀ yọ sí, kí ẹnu rẹ̀ sì ga ju ìsàlẹ̀ ibẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi títì ni yóò máa wọlé wá. Àwọn ilé àtijọ́ tí títì ti ga jù lọ, nítorí ọ̀dà tuntun tí wọ́n ń dà lé ti àná, gọ́tà nìkan kò tó wọn. Kòtò ni kí wọ́n gbẹ́ sí igun àgbàlá, kí wọ́n fi pọ́ọ̀ǹpù máa fa omi jáde.

Ta ni yóò sanwó? Lándíọ́ọ̀dù mìíràn a ní kí àwọn ayálégbé dá a. A kò gbà. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fi àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sí ọrùn onílé, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i! Bí ẹ bá fi owó yín ṣe é, kí ó wà lákọsílẹ̀ pé a ó yọ ọ́ nínú owó ilé, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì símẹ́ńtì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a bá ara wa wí díẹ̀. Àwa awakọ̀ àti kọ́ńdọ́kítọ̀ mọ ojú fèrèsé tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti ń jábọ́ ní Ojúẹlẹ́gba. Lándíọ́ọ̀dù kọ́ ló jù ú.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù da garawa omi kan sínú gọ́tà ilé rẹ̀, kí ó sì máa tẹ̀lé e lọ. Ibi tí omi náà bá dúró sí ni kí ẹ pe lándíọ́ọ̀dù wá wò.