Paracetamol Kì í Ṣe Oúnjẹ Àárọ̀

Bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé báyìí, tí orí bá fọ́ wa, a á ní ibà ni. A ó ju Paracetamol méjì sẹ́nu, ìwé kíkà tún bẹ̀rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ó yẹ ká jáwọ́ nínú àṣà yìí, torí pé púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́rí tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fínra kì í ṣe ibà rárá.

Ẹ̀fọ́rí másùnmáwo ni. Ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n we gèlè le koko mọ́ni lórí. Tọ̀tún-tòsì ló ń dùn, ọrùn àti èjìká a sì máa ro ni. Kò jọ túúlu, tó sábà máa ń mú apá kan orí, tó sì lè mú èébì wá.

Kí ló ń fà á? Àkàwémọ́jú tí a ń pè ní TDB, ebi, àìmu omi tó, ìrònú, àti ọrùn tí a tẹ̀ sórí fóònù fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn. Hóró méjì oní-500mg lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú fún àgbàlagbà, kó má sáà ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, oògùn náà gan-an lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Èyí tó ní káféènì nínú, bíi Panadol Extra, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká jẹun kó tó di kíláàsì, ká mu omi, ká sùn. Bí a bá ti kàwé díẹ̀, ká dìde, ká na ọrùn. Aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a fi lé ọrùn, ń ṣèrànwọ́.

Bí ara bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí ẹ̀fọ́rí bá ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ bí àrá, tí ọrùn gan, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rọ, tàbí tó jẹ́ pé èèyàn forí gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn kan á ní, "Ìdánwò ku ọ̀la, ẹ ní ká sùn!" A gbọ́. Àmọ́ ohun tí orí tó ń fọ́ kà mọ́jú, mélòó ló ń rántí ní gbọ̀ngàn ìdánwò? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oògùn gbígbémì láràárọ̀ náà kọ́.